Ìdajì Ojú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sọ fún mi.
Mo há píìnnì mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ètè
bí mo ti ń há a láti ọdún mọ́kàndínlógún
ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ọ̀nà Arákálẹ̀.
Àrìnọlá, ọmọ iṣẹ́ mi, ló pariwo:
"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára léèsì oníléèsì!"
Mo fọwọ́ kan ètè. Ọwọ́ mọ ètè,
ètè ò mọ ọwọ́.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Tèmi ti pín sí méjì: ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, òsì yadi.
Bí òjò bá bá mi níta,
ẹ̀kán bọ́ sí ọ̀tún, mo mọ̀ ọ́n lára;
ó bọ́ sí òsì, ó di ìtàn tí wọ́n ń sọ fún mi,
bí òjò Àkúrẹ́ tí í rọ̀ ní Ìjọ̀kà
tí Òkè-Àró á gbẹ táútáú.
Òru ni èèrà máa ń dé.
Wọn a tò láti abẹ́ etí wá sí ihò imú.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wo dígí:
èèrà kankan ò sí.

Dókítà àkọ́kọ́ ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà.
Èkejì ní eyín ni; wọ́n yọ eyín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀kẹta wo aago ọwọ́ rẹ̀,
ó ní, "Ìyá, ẹ máa sinmi, ìrònú ni."
Ìrònú wo? Owó ilé ni mo ń rò, mo ti ń rò ó tipẹ́,
ojú mi ò tìtorí rẹ̀ kú rí.
Aládùúgbò ní ẹnìkan ló gbá mi létí lójú àlá.
Mo ní, ta ni? Ó ní òun ò fẹ́ dárúkọ.

Mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí mo ní,
mo lọ ya àwòrán orí.
Wọ́n tì mí sínú ihò funfun kan tó ń han gooro,
mo ń ka ariwo rẹ̀ bí ẹni ń ka bọ́tìnnì.
Ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé dé: kò sí nǹkan.
Gbogbo ilé bú sáyọ̀.
Èmi nìkan ni mo jókòó ti "kò sí nǹkan" yìí,
mo ń yí i síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí a rán lódì.
Àìsàn tó lórúkọ, a lè pè é lẹ́jọ́.
"Kò sí nǹkan" tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn ńkọ́?

Nínú ọyẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó.
Dókítà Akínfọlárìn, obìnrin kúkurú,
bàtà rẹ̀ ti já lẹ́yìn.
"Ẹ dijú." Ó fi òwú kan iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n.
Lẹ́yìn náà ó mú píìnnì.
Píìnnì! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.
"Ẹ sọ fún mi nígbà tó bá gún yín."
Mo sọ. Mo sọ. Mo dákẹ́.
Mo dákẹ́ pẹ́.
Ó fi bírò sàmì síbi tí ìdákẹ́ ti bẹ̀rẹ̀,
bí mo ti í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí màá gé aṣọ.
Kò sẹ́ni tó tíì wọn ibẹ̀ fún mi rí.

"Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́," ló wí,
"ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà iṣan kan ni. A ó máa wá a."
Ni omi bá dà lójú mi.
Ti ọ̀tún, mo mọ̀ ọ́n, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́;
ti òsì, orí fáìlì ni mo ti rí i.

Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní Ọ̀wẹnà, mo fi ọ̀tún jẹ ẹ́.
Ìlà bírò ṣì wà lójú mi nígbà tí mo délé.
Àrìnọlá bu omi, ó fẹ́ nù ún.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀la.